Ẹni Tó Bá Mi Jókòó

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì kan ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó jó o dénú. Àmì náà jáde dúdú, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó fẹ̀ nídìí, èéfín sì ń ti ara rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni jákẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku pákó bo irun rẹ̀ bí ẹni tí ewú dé bá lójijì, ó ń wo aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń di àkísà.

Jẹ́jẹ́ kọ́ lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ ló fún un, nítorí pé bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, jẹ́jẹ́ ni. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ìwà lásán. Ẹni tó bá ru omi kún dẹ́ńdẹ́ kì í sáré.

Màdáàmù ọ̀gá rẹ̀ fò jáde láti ẹ̀yìn káńtà.

"Mo rí i! Mo fojú ara mi rí i! Áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ, ọmọ yìí di ojú! Ṣé oorun lo wá sùn níbí ni?"

"Mi ò sùn, Mà."

"Kí lò ń ṣe nígbà yẹn?"

Jẹ́jẹ́ ò mọ irọ́ pa. "Mò ń mí, Mà."

Gbogbo àwọn tó ń lọ aṣọ gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú.

"Ó ń mí!" Màdáàmù pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́, ó ń mí! Àwa yòókù ńkọ́, ṣé òkú ni wá? Kó ẹrù ẹ. Lọ máa mí nílé bàbá ẹ."

Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó fi ojú kan wo ìta láti inú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ó ní, "jákẹ́ẹ̀tì mi ló jóná, ẹ̀yin lẹ wá ń rú èéfín."

"Oníbàárà wa, ẹ má bínú, ọmọ yìí ò…"

"Mi ò bínú. Aṣọ yìí ti há mi lábíyá láti ọdún tó kọjá, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa jù ú nù ni. Ẹ má lé e. Tí ẹ bá lé e, ta ló máa bá mi jó èyí tó kù?" Ó wá yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Àbúrò, ẹ máa mí o. Mímí ò burú. Ẹ kàn ń jẹ́ kí aṣọ náà máa rí afẹ́fẹ́."

Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìgbà tó délé, tó ń bọ́ bàtà, ló bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ohùn náà dẹ́rù bà á. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó ń ṣe é, nítorí àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ dákẹ́. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Kì í ṣe ìbànújẹ́ tí èèyàn ń ní nígbà tí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sunkún, tí yóò sì nu ojú. Èyí máa ń dé láìnídìí. Á jókòó lé e láyà. Oúnjẹ á dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo débi pé kó gbé korobá omi ìwẹ̀ nìkan á di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló kán, wọn ì bá gbé e pọ̀n. Ọkàn ló dá, wọ́n ní kó dìde kó máa sáré!

Bàbá rẹ̀ dúró létí fèrèsé, ó ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní kí ló fẹ́ tí kò ní. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rà fún aláìsàn, ó ní àwọn tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́ kì í ráyè ronú. Jẹ́jẹ́ ò dá ẹnì kankan lóhùn. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan nílé ìwòsàn ló kọ́kọ́ pè é ní àìsàn. Dókítà fún un lóògùn, Nọ́ọ̀sì sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun àti àwọn mìíràn á jókòó yí ká nínú yàrá kan tó ń rùn fún ọṣẹ ìnulẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkàn wà níbi tí ara wà: ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn lára àga, atẹ́gùn tó ń wọ imú tó sì ń jáde. Bí èrò burúkú bá yọjú, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n má sì gbé àga fún un. "Ẹ kàn ní, 'mo rí ọ,' kí ẹ padà sídìí èémí yín."

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí jákẹ́ẹ̀tì jóná, ẹrù náà ló dé bá a láyà nídìí iṣẹ́, ló bá di ojú, ó ń tẹ̀ lé èémí rẹ̀ wọlé. Ó gbàgbé ọwọ́ ara rẹ̀ síta. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló ní kí o di ojú nídìí iná? Ibi tí ara bá wà ni kí ọkàn wà, ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀? Áyọ́ọ̀nù ló wà lọ́wọ́ ẹ. Lọ aṣọ! Ooru tó ń fẹ́ sí ọ lójú, òórùn aṣọ tútù, bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń tẹ́, ìyẹn gan-an ni èémí ẹ nígbà yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Bó bá ń lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì, apá ṣẹ́ẹ̀tì náà ló wà láyé. Òkùnkùn ò lọ, àmọ́ bó bá dé, ó ń bá onílé nílé.

Káfíńtà ni ọkùnrin jákẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó fi tún dé pẹ̀lú ṣòkòtò. Ó tún kó ṣẹ́ẹ̀tì wá, ó kó aṣọ ìbùsùn wá, ó kó kọ́tìnì wá. Nígbà tó yá, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan ka káńtà, tuntun fínnífínní.

"Ẹ̀gbọ́n," Jẹ́jẹ́ ní, "aṣọ yìí ò tíì kan ara rí."

"Mo mọ̀."

"Pépà ọjà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀."

"Ẹ bá mi yọ ọ́, kí ẹ wá bá mi lọ̀ ọ́."

"Kò rún rárá."

"Ó máa rún. Ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó sì jókòó lé e.

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó ń lọ aṣọ sì yíjú padà. Màdáàmù pàápàá wo òrùlé, bí ẹni tó gbọ́ tí òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Káfíńtà bá a rìn dé igun òpópónà. Ó bi í léèrè irú mímí tó ń mí lọ́jọ́ yẹn. Jẹ́jẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, àìsàn, oògùn, Ọjọ́bọ̀, ó ń dúró kí ọkùnrin náà rántí pé òun níṣẹ́ níbì kan. Káfíńtà kàn ń họ orí, eruku pákó ń já bọ́ sí èjìká rẹ̀.

"Tí mo bá ń fá pákó, tí ọkàn mi bá lọ síbòmíràn, ìka mi ló máa ń jẹ̀bi. Ṣé irú nǹkan tí ẹ ń wí nìyẹn?"

"Ìyẹn gan-an ni."

"Á jẹ́ pé ìka mi ti ń lọ sílé ìwòsàn yín tipẹ́, wọn ò sọ fún mi."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n á jókòó lórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà lẹ́yìn iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

"O la ojú," Jẹ́jẹ́ á ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀, bí kì í bá ṣe pé tìrẹ náà là?"

"Dákẹ́ kí o mí."

"Mò ń mí, ayọ̀ mi. Òórùn ẹ ló kún inú afẹ́fẹ́, ẹ̀bi mi kọ́."

Kí ọdún tó yí po, Káfíńtà ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Jẹ́jẹ́ ní òun náà fẹ́ ẹ. Ó wá ku Àǹtí.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní. Káfíńtà ò tíì mọ ìrìn nígbà tí ìyá wọn kú, Àǹtí ló gbé e pọ̀n lọ sílé ìwé, òun ló wá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Olùkọ́ ni, kò lọ́kọ, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Bí Àǹtí bá ní kó jókòó, Káfíńtà kì í wá àga kó tó jókòó.

Pálọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rá ṣì wà lára àga. Ó bu tíì fún Jẹ́jẹ́, ó jẹ́ kó mu ún dé ìdajì.

"Wọ́n ní wọ́n máa ń rí ọ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ta lò ń tọ́jú níbẹ̀?"

"Ara mi ni, Mà."

"Kí ló ṣe ọ́?"

Jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Àǹtí gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni pé ife náà ti dọ̀tí. Ó dúpẹ́ pé ó wá. Ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀. "Mi ò ní kí o má fẹ́ ẹ. Kó má débẹ̀ mọ́. Kó da oògùn yẹn nù, kó má máa jókòó wò suu bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbùdókọ̀. Kó má sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ọmọ tó bá bí. Nígbà náà ni màá wá síbi ìgbéyàwó yín."

Ẹ bá mi wò ó! Ta ló ń sọ fún afọ́jú pé kó ju ọ̀pá nù kó tó wọlé àna? Ṣùgbọ́n èyí tó dunni jù ni pé Káfíńtà fara mọ́ ọn. Ó mú Jẹ́jẹ́ lọ síwájú ilẹ̀kùn kan tó ń kàn lọ́wọ́, tí irin gígùn há a mọ́ra lọ́tùn-ún lósì.

"Ìfẹ́ mi, wo ilẹ̀kùn yìí. Tí gúlúù bá ti gbẹ, a máa ń tú irin tó há a mọ́ra. Tí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, ó máa dá àpá sí i lára. Ìwọ náà ti gbẹ. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, mi ò rí i kí o dùbúlẹ̀. Bóyá àkókò ti tó láti tú irin."

Jẹ́jẹ́ wò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ilé ayé ò fún òun ní ọkùnrin mìíràn tó lè jókòó lé ṣẹ́ẹ̀tì tuntun.

"Ó dáa," ó ní.

Kò lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lọ lèyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Oògùn wọ inú garawa ìdọ̀tí. Ó ń dá jókòó nínú yàrá rẹ̀, àmọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan di ìdí agbada tó ń jò. Òórùn aṣọ tútù ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ooru áyọ́ọ̀nù ò bá a lójú mọ́. Ní òwúrọ̀ kan, ó ní kí ara òun dìde, ara ò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Màdáàmù ránṣẹ́ pé ẹlòmíràn ti dúró nídìí tábìlì rẹ̀, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀sán gangan ni Káfíńtà wọlé. Kọ́tìnì wà nílẹ̀, Jẹ́jẹ́ dojú kọ ògiri. Jìnnìjìnnì bo Káfíńtà. Ó kúnlẹ̀, ó gbá a léjìká mú.

"Dìde, ìfẹ́ mi. Ṣe bí o ṣe máa ń ṣe. Mí. Ó yá, fà á sínú! Rárá, o ò fà á dáadáa. Fà á sínú, tú u jáde! Kí ló dé tí o ò ṣe é? Ṣebí o mọ̀ ọ́n ṣe!"

Jẹ́jẹ́ yíjú padà.

"Èémí kì í ṣe ìṣó. Má fi òòlù gbá a wọ̀ mí lára." Ohùn rẹ̀ kéré, lẹ́yìn náà kò kéré mọ́. "Èmi kì í ṣe ilẹ̀kùn ẹ! Irin tí o ní kí n tú, egungun mi ni! Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí n máa sá pamọ́ bí olè, ìwọ lo wá fi ṣúgà sí i kí n lè gbé e mì. Àwọn tó kù ò mọ̀. Bàbá mi ò mọ̀. Ìwọ mọ̀! Mo sọ fún ọ lórí ìdúró, o mọ̀!"

Jẹ́jẹ́ ò pariwo rí láyé rẹ̀. Ó tún dojú kọ ògiri. Káfíńtà dìde, ó jáde. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí Jẹ́jẹ́ wí.

Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó má wá mọ́? Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, mo gbọ́. Ṣé ẹ ti fi ìfẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn rí? Mo kọ́ ọ kó máa jókòó ti ara rẹ̀, mi ò ní kó jókòó lóun nìkan, mi ò sì ní kó ju oògùn nù!"

"Kí ni kí n ṣe, Mà?"

"Ẹ lọ bá a jókòó. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ti tún un ṣe tó. Lọ́la, ẹ mú un wá."

Ó padà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò fọwọ́ kàn án. Kò bá a sọ̀rọ̀ gan-an, ó kàn ń sọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi wà lára ògiri. Ó tutù."

Jẹ́jẹ́ ò mira.

"Ẹnì kan ń gbálẹ̀ níta. Omi ń kán sínú korobá." Ó fi ọwọ́ lé ikùn. "Ẹ̀rù ń bà mí. Inú ikùn mi níbí ló wà. Mo rí i."

Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ kọ́tìnì rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀. Káfíńtà ń mí. Ó ń gbọ́ bí Jẹ́jẹ́ náà ṣe ń mí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́ omi náà," Jẹ́jẹ́ ní.

Káfíńtà ò yíjú, kí ó má baà lé e padà. Jẹ́jẹ́ tún fọhùn.

"Ara ẹ ń rùn fún pákó."

"Ṣé kí n lọ wẹ̀?"

"Jókòó síbẹ̀."

Omijé ń dà lójú Káfíńtà, ó jẹ́ kó máa dà. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn, ó bà lé orí rẹ̀, nínú eruku.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ. Ara rẹ̀ ò yá ní kíá, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó máa ń yá ní kíá ń ta nǹkan ni. Oògùn padà, Ọjọ́bọ̀ padà, òórùn aṣọ tútù ló padà gbẹ̀yìn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Káfíńtà máa ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì ìta, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti lè rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ẹni tó ń dúró dè, á ní, "Ìyàwó mi ni," bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe ìgbéyàwó.

Àwọn méjèèjì jọ lọ bá Àǹtí.

"Àǹtí mi, a ò ní fi pamọ́," Káfíńtà ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síbi ìgbéyàwó wa bẹ́ẹ̀."

"Ojú á tì wá."

"Ojú ta ni, Mà?" Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Ojú ẹni tó ń ṣàìsàn, àbí ojú ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín? Mi ò jí nǹkan ẹnì kankan. Kí ni mo fẹ́ máa fi pamọ́?"

Àǹtí mú aṣọ ìnutábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Ọmọdé ni yín," ó ní. "Mo mọ ohun tí ayé ń ṣe fún obìnrin tó bá dojú kọ ògiri. Mo fojú mi rí i. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, èmi náà ni mò ń gbé e jáde bó ṣe wà. Wọ́n dúró lójúde, wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n ní kí èmi ọmọ ẹ̀ lọ pariwo mọ́ ọn kó dìde. Mo sì lọ pariwo."

Káfíńtà dúró gbagidi. "Ìyá wa?"

Àǹtí ń nu ibì kan náà lórí tábìlì.

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀, ẹ wá ní kí n ṣe irú rẹ̀ sí Jẹ́jẹ́ náà?"

"Ẹ jáde," Àǹtí ní. "Ẹ jáde nílé mi." Ó ṣì ń nu tábìlì nígbà tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọ̀nà, Jẹ́jẹ́ mú un lọ́wọ́. "Bí mo bá tún dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní tún ọ ṣe. Màá jókòó sílẹ̀, màá mú ọ lọ bá Nọ́ọ̀sì."

"Bó bá wá pẹ́?"

"Màá mú tìmùtìmù wá. Ilẹ̀ yàrá ẹ le, ìdí mi ò tíì gbàgbé."

Kóòtù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá, kò sọ púpọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ọ̀sì àti méjì nínú àwọn tó ń jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé kóòtù ní ṣé kí àwọn dúró de ìdílé ọkọ. Káfíńtà wo ẹnu ọ̀nà, ó mí sínú, ó mí síta, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Wọ́n fẹ́ ara wọn. Inú wọn dùn.

Àǹtí ò wá. Kò tíì fèsì sí lẹ́tà wọn kankan, kò sì ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́. Káfíńtà pàdánù ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní.